Ampílì tí Sheriffdeen Ṣe fún Ọ̀fun Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá rí Sheriffdeen lórí ìjókòó kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kàn án wò, oorun ló gbé e lọ. Ọkùnrin náà kì í gbé ojú kan. Á jó òjé mọ́ ẹnu wáyà kan, á dìde, á lọ wo títì, á padà dé, á sì ti mú wáyà mìíràn dání kí ti àkọ́kọ́ tó tutù. Bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní í jẹ́ kí onítọ̀hún dé ìdajì kó tó bá a parí rẹ̀, á sì fún un lésì ohun tí kò béèrè. Àwọn Júlà tó ń gbé rédíò àti ẹ̀rọ mọ́sáláṣí wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọjà Bouaké, ìlú ńlá kan lápá òkè Abidjan, a máa pè é ní Anago Ampílì, nítorí Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, ampílì, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, sì ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Wọ́n ní ká ní ó lè fìdí kalẹ̀ ni, ì bá ti kọ́lé mẹ́ta. Ìdí kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé, ṣùgbọ́n wọn ò kúkú purọ́ mọ́ ọn.

Bouaké ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Gonfreville, kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ fi kú, ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, ló sì fi iṣu títà tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Shakirat, dàgbà. Ẹni tí kò mọ ojú Sìdíkátù lọ́jà mọ ohùn rẹ̀. Á polówó iṣu ní èdè Júlà, á bá àgbẹ̀ ná an ní èdè Baoulé, á sì fi Yorùbá bá ọmọ wí láàárín méjèèjì. Gbogbo ìlà ọjà yóò gbọ́, títí kan ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ogun dé lọ́dún 2002 tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kó lọ, ó ní òun ò lọ ibì kankan, pé àwọn tó kù ṣì máa jẹ iṣu. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, wọ́n jẹ iṣu.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn bá a lọ. Dókítà kò tàn wọ́n jẹ. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣan tó ń mú ohùn jáde gba abẹ́ gẹ̀gẹ̀ gan-an kọjá, pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀. Èyí tó kù lọ́fun Sìdíkátù kò ju èémí tó fara jọ ọ̀rọ̀ lọ, bó bá sì ti sọ gbólóhùn méjì báyìí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Sheriffdeen lọ mú un ní Gonfreville wá sílé ara rẹ̀ ní àdúgbò Koko, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un, ó sì ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé náà ni "Ìyá, ẹ sọ ọ́ sókè!" Qoreebah, ìyàwó rẹ̀, ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ń sọ ọ́, Shakirat ń sọ ọ́ lórí fóònù láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Languibonou. Ti Sheriffdeen ló wá ju ti gbogbo wọn lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àlàájì Jàfárù pè láti Abidjan. Àbúrò bàbá Sheriffdeen ni, òun sì ni olórí ẹbí lápá ibẹ̀. Àlàájì kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Mò ń bọ̀ ní dìmáńsì," ló wí, ọjọ́ Àìkú ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Àwa àti àwọn ará ilé ti fẹnu kò. Ìyá rẹ ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ló tún ń ṣe nílẹ̀ àjèjì?"

"Rárá o, Bàbá. Ìyá ò fẹ́ lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn náà ni."

"Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, àbí ìwọ lo bá wọn sọ ọ́?" Sheriffdeen fẹ́ fèsì, Àlàájì ò dúró. "Gbọ́, ọmọ. Etí mi pàápàá ti ń di. Bí ìyá rẹ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lójú mi pé òun ò lọ, tí mo sì gbọ́ ọ, ó parí. Kó má mi orí fún mi o, o lè ti kọ́ ọ. Bí mi ò bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ Cotonou lọ́jọ́ kejì la ó fi gbé e."

Ó dá Sheriffdeen lójú bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ pé ìyá òun fẹ́ dúró ti òun. Kò tilẹ̀ rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti béèrè. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù kò kàwé tí ì bá fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló lè gbà á, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù. Ó rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà nígbà mẹ́fà. Ogún ọdún ló ti ń sọ ohùn ọmọ ẹlòmíràn di ńlá ní Bouaké. Tí kò bá wá lè ṣe ti ìyá tó bí i, kí ló fẹ́ máa sọ pé iṣẹ́ òun ni?

Ó ti gbìyànjú máíkì lásán tẹ́lẹ̀. Máíkì ń gbọ́ fáànù, ó ń gbọ́ àkùkọ ilé kejì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu kó tó gbọ́ Ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìka méjì kan ọ̀fun ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó rí i pé ohùn ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ awọ níbẹ̀. Ó lọ tú aago tábìlì kan tó ti kú, ó yọ àwo bàbà pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, èyí tó máa ń ké pí-pí-pí láti jí ènìyàn. Bí iná bá kan irú àwo yìí, á gbọ̀n. Bí nǹkan bá sì mì ín, òun náà á pèsè iná díẹ̀, tí kò tó nǹkan kan. Ó rán an mọ́ aṣọ ìborí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó so ó mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ ampílì.

Ampílì náà ni èyí tí ọ̀gá rẹ̀, Oyèkàn, kọ́ ọ kó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù. Kò sí ọmọ iṣẹ́ Oyèkàn tí kò mọ̀ ọ́n lórí bí Fátíhà: tiransísítọ̀ kan tí yóò sọ ohùn di ńlá, àti lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, resísítọ̀ kéékèèké méjì tó ń wọn iná fún un. Resísítọ̀ ni ohun tó ń dí iná lọ́nà; bó bá tóbi, ọ̀nà á há, bó bá kéré, ọ̀nà á gbòòrò. Ti Oyèkàn kéré. Ọmọ tó bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ gbálẹ̀. Sheriffdeen kò béèrè rí. Ó ti rò ó fúnra rẹ̀ pé àlejò tó ń bọ̀ wá kí ni, ó yẹ ká ṣílẹ̀kùn gbàgà fún un, ọ̀rọ̀ sì ti tán.

"Ìyá, ẹ ka oókan dé ẹ̀wá."

Sìdíkátù là ẹnu. Ohun tó jáde nínú gbohùngbohùn ni "k". Lẹ́yìn náà "j". Lẹ́yìn náà "t". Bó ṣe pe orúkọ Qoreebah, "k" kan tún ta jáde, ó dákẹ́. Eegun ọ̀rọ̀ nìkan ló ń bọ̀, kò sí ẹran lára rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, bàbá wọn lé wọn síta.

Ó fi tiransísítọ̀ kejì kún un. "K" di igi tó ń ṣẹ́. Ó fi ìkẹta kún un, ampílì bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Lọ́jọ́rú ó pààrọ̀ bátìrì, ó mú gbohùngbohùn mọ́sáláṣí kan tó wà níwájú rẹ̀ fún àtúnṣe, ó lò ó. Lọ́jọ́bọ̀ ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà lè ti ronú pìwà dà. Qoreebah gbé oúnjẹ wá, ó ní, "Bàbá Tawheed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó jẹun." Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó fi ọwọ́ ọbẹ̀ mú wáyà.

"Ìyá, ẹ tún un kà. Ẹ fi agbára díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Áà, Ìyá, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń dá a dúró?"

Nígbà tí Sìdíkátù ti ka oókan dé ẹẹ́ta nígbà kẹẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ náà, ó tú aṣọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó kó o lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ṣe ń ti Jímọ̀ bọ̀, ó bá Akissi lábẹ́ ìbòòji ilé. Obìnrin Baoulé ni Akissi, ará Brobo, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké. Òun àti Sìdíkátù ló jọ ń ta iṣu láti ìgbà tí Sheriffdeen ti ń rákòrò. Ó gbé ìgbá àti ẹ̀pà wá bó ṣe máa ń gbé e wá, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ọpọ́n, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Sheriffdeen kí i ní kíá, ó wọlé lọ bá ampílì rẹ̀. Ó jáde. Ó wọlé. Bó ṣe jáde lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan kan mú un dúró.

Ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ náà kò dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Akissi kò gbójú sókè wò ó, kò na etí, kò ní kó tún un sọ. Ó kàn ń pa ẹ̀pà tirẹ̀, nígbà mìíràn á ṣe "hùn". Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, Sìdíkátù náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tún ń lọ. Sheriffdeen wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí gbólóhùn méjì ń pa lójú rẹ̀ lánàá ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kò sì rẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ kò fa nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Sheriffdeen sáré wọlé, ó wo ẹnu ọ̀nà ampílì náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Máíkì tí Oyèkàn fi kọ́ wọn níṣẹ́ lágbára. Bí ampílì bá fà nínú rẹ̀, ó ní èyí tó lè fún un. Àwo bàbà yìí ò ní. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní, resísítọ̀ kéékèèké méjì àti tiransísítọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mu ún tán kó tó wọlé. Ibi tó nípọn nínú ohùn, ibi tí "a" àti "o" wà, ni wọ́n ń kọ́kọ́ mu. Èyí tó mú ṣóńṣó bíi "k" àti "t" nìkan ló ń rí ọ̀nà kọjá. Ogún tiransísítọ̀ lẹ́yìn ilé kò lè dá ohun tí wọ́n ti jẹ lẹ́nu ọ̀nà padà. Kì í ṣe agbára ni ampílì rẹ̀ ṣaláìní. Ó ń béèrè jù ni.

Ọ̀nà kan wà tó ti rí ní ara rédíò àtijọ́, tí kò sì kà sí. Ó to tiransísítọ̀ kan síwájú, ó gba ohùn jáde ní ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípò ẹsẹ̀ òkè. Tiransísítọ̀ tó bá dúró báyìí kì í fi nǹkan kan kún ohùn. Bó ṣe gbà á ló ń gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un. Ó dun Sheriffdeen láti fi odidi tiransísítọ̀ ṣe irú iṣẹ́ aláìníyangàn bẹ́ẹ̀. Ó so àwo mọ́ ọ̀fun ara rẹ̀, ó ní, "Bìsìmíláì." Gbohùngbohùn ní, "S-s."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ sí kòtò. Ó rìn dé ojú ọ̀nà Brobo kó tó mọ̀ pé òun ti jáde nílé. Ó di àárọ̀ Àbámẹ́ta kí ojú rẹ̀ tó là: ó ti pààrọ̀ onílé, kò pààrọ̀ àwọn aṣọ́nà. Resísítọ̀ kéékèèké méjì ti Oyèkàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń tò wọ́n sí láìronú, wọ́n ń mu lọ. Ó yọ wọ́n. Kò tíì yí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ padà rí. Ó fi èyí tó tóbi ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rọ́pò wọn, èyí tí wọ́n fi ìlà aláwọ̀ ilẹ̀, dúdú àti ewéko sàmì sí lára. Ọ̀nà wá há gan-an báyìí. Ó so àwo mọ́ ọ̀fun, kò gbé ohùn sókè rárá, ó ní, "Bìsìmíláì."

Ohùn ara rẹ̀ dá a lóhùn láti inú gbohùngbohùn, ó kún, ó ní ìdí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó sí yàrá náà. Ó pariwo pe Qoreebah. Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́. Ìyá wo aṣọ náà, ó mi orí, ó fọwọ́ bo ọrùn. Bí Sheriffdeen ti bẹ̀ ẹ́ tó, kò gbà. Ó na ìka kan sókè: ọ̀la. Ọkùnrin náà fi gbogbo ọjọ́ náà jó òjé mọ́ ibi tí òjé ti wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àlàájì Jàfárù jókòó sí pálọ̀, Shakirat jókòó tì í, Qoreebah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sheriffdeen kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Àlàájì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ní ibí ni ọjà Ìyá wà, ibí ni dókítà rẹ̀ wà, ibí ni àwọn ọmọ ọmọ wà, pé Ìyá ti sọ ọ́ fún òun láìmọye ìgbà...

"Sheriffdeen," ni Àlàájì wí, "jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Ó so aṣọ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ó tan bátìrì.

"Ọkọ mi, Àlàájì," ni Sìdíkátù wí, "ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohùn náà kún pálọ̀. Kò rí bí ti àtijọ́, ó há díẹ̀, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn Sìdíkátù ni, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Shakirat bú sẹ́kún. Àlàájì gbé fìlà rẹ̀ sókè kúrò létí, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"A dúpẹ́, ìyàwó wa. Mo gbọ́ yín. Mo gbọ́ yín ketekete."

"Mi ò lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Sheriffdeen fò sókè. "Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá! Mo wí fún yín! Ọ̀dọ̀ mi níbí ni wọ́n fẹ́..."

"Àkànní." Oríkì rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi pè é, kò sì pariwo. "Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbé èémí rẹ̀ fún wọn gbọ́.

"Mi ò gbé ibí mọ́ náà. Brobo ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ Akissi. Yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀. Àwa méjèèjì ti sọ ọ́, ó ti gbà."

"Ọ̀dọ̀ ará Baoulé?" ni Àlàájì béèrè. "Àwọn ará ilé á wí o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Tiwọn ṣì ń dún lọ́fun."

Sheriffdeen ti kúnlẹ̀. "Ìyá, kí ni mo fi dù yín? Kí ni mi ò ṣe?"

"Kò sí ohun tó o fi dù mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Ìléyá ni mo ti ń sọ Brobo fún ọ. Mo bá ti la ẹnu, wàá ní omi ni mo fẹ́. Mo ti mu omi títí, Àkànní." Qoreebah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ẹnu. "Ẹ fẹ́ràn mi, gbogbo yín, mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń rẹ̀ mí lọ́dọ̀ yín ni. Bí mo bá sọ ẹyọ kan, ẹ ó ní kí n sọ ọ́ sókè, kí n tún un sọ, kí n fi agbára sí i. Agbára tí mi ò ní ni. Akissi kì í béèrè nǹkan kan. Lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń sọ ìtàn parí."

Ojú ti Sheriffdeen, ó sì dùn ún dé eegun. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i lọ́jọ́ Ẹtì, lábẹ́ ìbòòji. Ó rí i, ó yé e, ó sì sáré gbé e lọ fún tiransísítọ̀. Ó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa yí padà, pé kò sí ẹni tí yóò ní kó sọ̀rọ̀ sókè mọ́ nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì, nítorí ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀: ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Qoreebah fún ìtọ́jú, ó ń béèrè ọmọ Shakirat tó ń ṣàìsàn, ó ń bá Àlàájì wí nítorí ìsìnkú kan tí kò wá. Oṣù méje ni ọ̀rọ̀ ti kó jọ sí i nínú.

"Mo ti gbọ́," ni Àlàájì wí nígbà tó yá. "Brobo náà ni. Ọ̀rọ̀ parí."

Nígbà tí wọ́n dìde, Sheriffdeen lọ bá ìyá rẹ̀ láti tú aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá iṣẹ́ kan fún ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń ká wáyà, ó sì rọra wí pé, "Ìyá, màá fi bátìrì tó le sí i, kó lè pẹ́ fún yín ní Brobo."

Sìdíkátù di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó yọ wáyà náà. "Akissi ò nílò rẹ̀," ló wí. "Tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Ọjọ́ tó o bá ń bọ̀ wá kí mi, kó o gbé e dání."